Àlejò Tí Ń Dáná Fúnra Rẹ̀

Àwa Yorùbá kì í jẹ́ kí àlejò wọ ilé kí ó máa wá ìkòkò kiri. Onílé ni í bu omi fún un, onílé ni í gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé pé àwọn ilé kan wà ní ìgbèríko Skọ́tlándì tí àlejò ń fi owó gidi gbà, tí kò sì ní bá ẹnì kankan níbẹ̀, tí ó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò dáná, tí yóò fọ abọ́, tí yóò sì gbálẹ̀ kí ó tó máa lọ, ẹ ó ní wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ. Ohun tí ìyá mi wí nìyẹn ní oṣù kẹjọ ọdún 2024. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ méje tó pé, irú ilé bẹ́ẹ̀ ti bá wa parí ọ̀ràn kan tí ó fẹ́ da ìdílé wa rú.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ń gbé ní Glasgow láti ọdún 2010. Ní oṣù kẹta ọdún tí mo wí yìí ni ó ránṣẹ́ mú ìyá wa lọ, kí ó lè fojú kan àwọn ọmọọmọ rẹ̀. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wa gba ìsinmi gbọọrọ, ó sanwó ọkọ̀ òfuurufú fún èmi náà. Ìyá tí mo bá níbẹ̀ kò jọ ìyá tí mo mọ̀. Obìnrin tí ó fi ọgbọ̀n ọdún ta èlùbọ́, tí ohùn rẹ̀ máa ń ròkè láàárín ọjà, ni mo bá tí ó fọwọ́ lẹ́rán lórí àga, tí kò sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé wọ́n fìyà jẹ ẹ́ o. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin. Bí ó bá fọwọ́ kan ìgbálẹ̀, wọn a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: “Màmá, ẹ jókòó, ẹ sinmi.” Àwọn ọmọ náà, obìnrin ọmọ ọdún 11 àti ọkùnrin ọmọ ọdún 8, a kí i ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn a sì sá wọ yàrá lọ, nítorí wọn kò gbọ́ Yorùbá, òun náà kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ó pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọmọ mi, mú mi lọ sílé. Wọ́n ti sọ mí di ère. N kò sì ní padà wá mọ́.” Ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹ̀gbọ́n mi, ó sì dùn ún púpọ̀. Ó rò pé ìyá wa kò mọ rírì ìtọ́jú òun. Àwọn méjèèjì wá di ẹni tí ń kí ara wọn lásán, tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ti wà nìyí tí àwa mẹ́fà fi kó sínú ọkọ̀, tí a gba ọ̀nà Perth lọ sí ẹ̀gbẹ́ ìlú Kingussie, ní òkè àríwá Skọ́tlándì. Ẹ̀gbọ́n mi ti gba ilé òkúta kan níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Onílé kò sí níbẹ̀. Ó ti kọ̀wé sí wa pé kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpótí irin kékeré kan lára ògiri, ó sì fún wa ní nọ́ńbà tí a ó fi ṣí i. Nínú ilé ni a ti bá ibùsùn tí a ti tẹ́, ìkòkò, abọ́, ṣíbí, sítóòfù, firíìjì, àti ààrò irin tí a ń fi igi dá nínú pálọ̀. Oúnjẹ nìkan ni kò sí. Ìwé àṣẹ wà pẹ̀lú, nítorí òfin tí ìjọba Skọ́tlándì ṣe ní ọdún 2022 ni pé ẹni tí yóò fi ilé gba àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Láti oṣù kejì ọdún kan náà, gbogbo ilé tí ènìyàn ń gbé ní ilẹ̀ náà ni ó gbọ́dọ̀ ní aago tí ń ké bí èéfín bá rú, a sì gbọ́dọ̀ so wọ́n pọ̀ kí gbogbo wọn lè ké lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

A ti ra iṣu, èlùbọ́, epo pupa àti ata rodo ní Glasgow. Bí a ti gbé ẹrù kalẹ̀, ìyá wa bọ́ sínú ilé ìdáná, ó wo gbogbo rẹ̀ yíká, ó ní, “Ta ló ni ibí?” Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, “Kì í ṣe tiwa, Màmá. Àlejò ni gbogbo wa.” Ìyá wa ní, “Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi ni mo dàgbà jù nínú àwọn àlejò. Ìyàwó mi, lọ sùn.” Ìyàwó náà, tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lóru fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kò jiyàn. Ó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Ní Glasgow, ilé ìdáná ní ẹni tí ó ni ín. Bí ìyá ọkọ bá wọ ibẹ̀, a dà bí ẹni tí ń wá àléébù ìyàwó. Bí ìyàwó bá sì jẹ́ kí ó ṣiṣẹ́, àwọn ènìyàn lè wí pé ó sọ ìyá ọkọ rẹ̀ di ọmọ ọ̀dọ̀. Ìtìjú ni ó de àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Ní ilé tí a fi owó gbà fún ọjọ́ méje, kò sí onílé láàárín wa, kò sì sí ìtìjú.

Ìyá wa da ata sínú epo gbígbóná. Láìpẹ́, aago pálọ̀ ké, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbè é, ti òkè náà dá sí i. Àwọn ọmọ sáré jáde, wọ́n ń húkọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìyá wa tú gèlè rẹ̀, ó fi ń fẹ́ aago náà títí ó fi dákẹ́. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ kò ti kúrò lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Fóònù kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa níbẹ̀ tí ìbá fi máa fà wọ́n sẹ́yìn. “Àjọkẹ́, gbé orógùn wá.” Ọmọ náà gbé ṣíbí. “Orógùn ni mo wí.” Ó gbé orógùn. Ní ọjọ́ kẹta, ó ti mọ̀ pé iṣu ni a ń sè, ata ni a ń lọ̀, ọkà ni a ń rò. Èmi tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ni, tí mo ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ ọmọ ní Yorùbá lójú pátákó, n kò tíì rí kíláàsì tí ó yára tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ọmọ bá ti dì mú kì í tètè bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, a lọ sí Newtonmore, tí kò jìnnà sí Kingussie, láti wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí obìnrin kan tí ń jẹ́ Isabel Grant dá sílẹ̀ ní ọdún 1935. Wọ́n kọ́ ilé síbẹ̀ bí àwọn ará òkè Skọ́tlándì ti ń kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1700: ilẹ̀ olókoríko tí a gé bí bíríkì ni ògiri, koríko ni òrùlé, iná sì wà láàárín ilé. Ìyá wa dúró, ó ní, “Ilé ìdáná ìyá mi àgbà nìyí.” Èdè Gaelic ni àwọn tí ó gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ń sọ. Ṣùgbọ́n òfin ọdún 1872 tí ó sọ ẹ̀kọ́ di dandan fún ọmọ Skọ́tlándì kò dárúkọ Gaelic rárá, Gẹ̀ẹ́sì ni tìṣà ń fi kọ́ni. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní ọdún 2022, nínú ènìyàn 100, kò tó mẹ́ta tí ó gbọ́ díẹ̀ nínú èdè náà. Nígbà tí mo sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n mi, ó wo àwọn ọmọ rẹ̀, kò fèsì.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, aago mẹ́sàn-án ti lù, síbẹ̀ ilẹ̀ kò tíì ṣú. Kantíkantí kò jẹ́ kí a jókòó níta, a bá jókòó yí ààrò ká. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. Mo rò pé ìsinmi ni ẹ fẹ́ ni.” Ìyá wa ní, “Dìde, ọmọ mi. Ìsinmi dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní iṣẹ́ kankan nínú ilé, àlejò ni. Èmi kì í ṣe àlejò yín.”

Nígbà tí a padà sí Glasgow, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi ilé ìdáná lé Màmá lọ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ó lo ọ̀sẹ̀ tí ó kù fún un pẹ̀lú ayọ̀, ó sì ti ṣèlérí pé òun yóò tún lọ. Àjọkẹ́ ń pè é lórí fóònù, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ṣì ń kọsẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mú òbí yín lọ sí òkè òkun, tàbí sí Èkó pàápàá, ẹ má fi ìkẹ́ dè wọ́n mọ́ àga. Ẹ wá iṣẹ́ tí agbára wọn ká fún wọn, kí ẹ sì fi àwọn ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Bí ẹ bá sì fẹ́ gba irú ilé yìí ní Skọ́tlándì, ẹ bèèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, ẹ di ata àti èlùbọ́ yín dání, kí ẹ sì ṣí fèrèsé kí ẹ tó dín ata.