Áàpù fún Ojúde Ọba

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe áàpù tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jọ́ orí kan náà) Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè yóò fi máa múra sílẹ̀ fún ọdún Ojúde Ọba, kàlẹ́ńdà ni kí ó kọ́kọ́ fara balẹ̀ wò, nítorí pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni à ń ṣe é, Iléyá fúnra rẹ̀ sì ń tẹ̀lé oṣù ojú ọ̀run, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ìgbà tí ó bá ku nǹkan bí ọjọ́ 10 péré ni ọjọ́ rẹ̀ tó máa ń fìdí múlẹ̀. Áàpù tí kò bá lè yí ọjọ́ padà, kí ó sì ta gbogbo ẹgbẹ́ lólobó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹrù lásán ni.

Owó aṣọ ẹgbẹ́ ni ó tẹ̀ lé e. Kí olúkúlùkù rí i pé owó òun ti dé ọwọ́ akápò, nítorí owó aṣọ a máa tú ọ̀rẹ́ ká. Àgbà tí kò mọ fóònù í tẹ̀ ńkọ́? Kí ọmọ rẹ̀ lè san án láti Lọ́ńdọ̀nù.

Ní ti gbàgede ìtàkùrọ̀sọ tí àwọn ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún, WhatsApp ti ń ṣe ìyẹn, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò sì kún agbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ yóò ṣe tò kọjá níwájú ọba, kí gbogbo ènìyàn lè rí i, kí ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ọdún náà nìkan sì lè yí i padà.