Ilẹ̀kùn Ni, Kì í Ṣe Ihò

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba fẹ́ ti Èkó àti Ògùn pa, mo pe ìyá mi ní Abẹ́òkúta, mo ní kí wọ́n má lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn mọ́. Mi ò kọ́ṣẹ́ dókítà rí o. Kọ̀ǹpútà ni mo kà ní yunifásítì, kóòdù kíkọ ni mo sì fi ń jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà gbé àkọsílẹ̀ ẹ̀dá kòkòrò kòrónà síta fún gbogbo ayé. Mo wa fáìlì náà jáde. Lẹ́tà bí 29,900 ni, A, C, G àti T lásán. Kò tó 30KB. Fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láàárọ̀ yìí tóbi jù ú lọ. Ó wá ń ṣe mí bíi pé mo lè kà á bí mo ṣe ń ka kóòdù ẹlòmíì.

Mo kà á débi tó ti ń wọlé. Lára sẹ́ẹ̀lì wa, prótéènì kan wà tó ń jẹ́ ACE2. Òun ni ṣóńṣó ara kòrónà máa ń dì mú. Prótéènì wa mìíràn, TMPRSS2, á gé ṣóńṣó náà níbi tó yẹ, awọ kòkòrò á lẹ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, ohun tó gbé wá á sì bọ́ sínú ilé. Tiwa ni prótéènì méjèèjì. Nínú ilé náà, Nsp1, ọ̀kan lára àwọn prótéènì kòkòrò yìí, á lọ dí ẹnu ribosome, ẹ̀rọ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe prótéènì. Iṣẹ́ tiwa ò ní ríbi wọlé dáadáa mọ́, tirẹ̀ á sì máa rọ́nà kọjá. Igbe tó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì tètè ké sí àwọn aládùúgbò rẹ̀ á pẹ́ kó tó jáde. Bí ara bá wá jí sí ìjà náà tó sì bá a jà ní àjàjù, ẹ̀dọ̀fóró ló máa ń jìyà rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Lójú tèmi, ACE2 ni ibi tí ògiri ti lanu. Mo wá rí lẹ́tà kan tí àwọn dókítà kọ, tó ń béèrè bóyá irú oògùn tí màámi ń lò, lisinopril, lè mú kí ACE2 pọ̀ sí i, torí wọ́n ti rí irú ẹ̀ lára eku. Mi ò wá nǹkan míì kà. Mo gbé fóònù.

"Màámi, ẹ dá oògùn yẹn dúró ná."

"Dókítà ló ní kí n máa lò ó, Àkànní."

"Mo ti kà nípa ẹ̀, mà."

"Ó dáa. Ìwọ lo kàwé."

Ní ọjọ́ kẹwàá, àbúrò mi obìnrin pè. "Bọ̀dá mi, orí ń fọ́ màámi láti àná, ojú wọn sì ń ṣe bàìbàì." Nọ́ọ̀sì àdúgbò wọn ẹ̀jẹ̀ wọn: 210 lórí 120. Kò sí ikọ́, kò sí ibà. Wọ́n sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀nà ti di títì, mi ò lè kúrò l'Ékòó.

Dókítà bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Ta ló ní kí màmá dá oògùn dúró?" Mo ní èmi ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé ẹ bi ara yín pé iṣẹ́ wo ni ACE2 ń ṣe níbẹ̀ kí kòrónà tó dé?"

Mi ò bi ara mi.

Nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní angiotensin II. Ó máa ń fún iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì ru. ACE2 ló ń gé e kúrò kí ara lè rọ̀. Lisinopril kì í dí ACE2 lọ́wọ́ rárá. ACE, tí orúkọ wọn jọra, tó ń ṣe angiotensin II jáde, ló ń dá lọ́wọ́ kọ́. Oògùn náà àti ACE2, apá kan náà ni wọ́n jọ wà. Ògiri ò lanu. Ilẹ̀kùn ni onílé fi síbẹ̀ fún ìlò ara rẹ̀. Olè kàn ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni.

Kí n tó pe màámi lọ́jọ́ náà, àwọn ẹgbẹ́ dókítà ọkàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti kéde pé kí ẹnikẹ́ni má torí kòrónà dá oògùn náà dúró. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò wá a. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, èsì ìwádìí kan jáde láti Brazil. Aláìsàn 659 tí kòrónà gbé dé ilé ìwòsàn ni wọ́n pín sí méjì: apá kan dá irú oògùn yìí dúró fún 30 ọjọ́, apá kejì ń lò ó lọ. Àwọn tó dá a dúró ò rí àǹfààní kankan níbẹ̀.

Níbi iṣẹ́, bí ọmọ tuntun bá fẹ́ pa ìlà kóòdù kan rẹ́ torí pé ibẹ̀ ni olè gbà wọlé, mo máa ń bi í pé: "Ta ló tún ń lo ìlà yìí?" Mo mọ ìbéèrè yẹn látọjọ́ tó ti pẹ́. Ọjọ́ tó kan ìyá mi ni mo gbàgbé ẹ̀.

Ara màámi yá. Wọ́n ń lo oògùn wọn láràárọ̀. Bí mo bá fi ohunkóhun nípa ìlera ránṣẹ́ sí wọn báyìí, èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún mi:

"O ṣeun, Àkànní. Màá bi dókítà."