Orí Tí Kò Jinná

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni yóò ti máa ṣẹnu ṣámúṣámú. Òwe yìí dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí àwùjọ tí ó náwó lé e lórí tó àwọn ará Amẹ́ríkà. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹrin, àwọn ẹgbẹ́ 32 tí ó wà nínú líìgì NFL a máa yan àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti yunifásítì bọ̀. Ìpele méje ni yíyàn náà. Ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe àṣetì jù lọ ní ọdún tí ó kọjá ni ẹ̀tọ́ àtikọ́kọ́ yàn tọ́ sí, kí ẹni ẹ̀yìn má baà wà lẹ́yìn títí ayé, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ lè fi ipò rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ń yàn, ọ̀kan ni ojú gbogbo ènìyàn ń wà lára rẹ̀ jù: ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń pè ní kúọ́tábáàkì.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú èyí. Láàárín 2005 sí 2007, mo kọ́ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ní èdè wa ní yunifásítì kan tí kò jìnnà púpọ̀ sí Chicago. Ọ̀kan nínú wọn wọ ẹ̀wù ẹgbẹ́ Chicago Bears wá sí kíláàsì, mo sì rí orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀: Ògúnlẹ́yẹ. Ọmọ náà fẹ́ mọ ìtumọ̀ orúkọ yìí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, èmi náà sì béèrè ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ. Adéwálé Ògúnlẹ́yẹ ni, ọmọ tí wọ́n bí ní Brooklyn. Nígbà tí ó ń kúrò ní Yunifásítì Indiana ní ọdún 2000, kò sí ẹgbẹ́ kan tí ó yàn án, nítorí pé ó ti fi orúnkún ṣèṣe. Ní ọdún 2003, kò sí ẹni tí ó wó kúọ́tábáàkì alátakò mọ́lẹ̀ tó o ní gbogbo ẹ̀ka AFC. Ìgbà 15 ni. Láti ìgbà náà ni mo ti di ọmọ lẹ́yìn Chicago, tí mo sì ń ṣàìsùn lórí ọ̀rọ̀ wọn, nítorí pé nígbà tí àṣekágbá Super Bowl bá ń bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, òru ti kọjá ìdajì nílé wa níbí.

Fún ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ kò tíì wo eré náà rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ènìyàn 11 ni ó ń kojú ènìyàn 11, ṣùgbọ́n ènìyàn 53 ni ó máa ń wà nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọdún eré bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan wà fún ìkọlù, àwọn kan wà fún ìdáàbòbò. Kúọ́tábáàkì ni olórí ìkọlù. Ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ sí àárín ìlà yóò gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn; láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ wo ọ̀nà, kí ó pinnu, kí ó sì ju bọ́ọ̀lù náà sí ibi tí ẹnìkejì rẹ̀ kò tíì dé. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn géńdé tí wọ́n wúwo ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ ń sáré bọ̀ láti wó o mọ́lẹ̀. Ènìyàn márùn-ún ni ó dúró níwájú rẹ̀ bí ògiri. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àwọn márùn-ún yìí, nítorí pé tìtorí wọn ni mo ṣe ń kọ àròkọ yìí.

Báwo ni àwọn ẹgbẹ́ ṣe ń mọ ẹni tí wọn yóò yàn? Wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n wọ́n. Kí oṣù kẹrin tó dé, wọn a kó àwọn ọ̀dọ́ náà jọ sí ìlú Indianapolis. Wọn a wọn gíga wọn, wọn a wọn àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọn a fi aago ka eré ogójì yáàdì tí wọ́n bá sá. Wọn a fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, wọn a sì wo fíìmù àwọn ìdíje tí wọ́n ti ṣe. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ó ń ti ibẹ̀ jáde. Ní 1998, Indianapolis fi ipò kìíní mú Peyton Manning ti Tennessee, San Diego sì fi ipò kejì mú Ryan Leaf ti Washington State. Manning di àgbà akọni. Leaf kò lò ju ọdún mẹ́ta lọ ní San Diego. Ní ọdún 2000, kúọ́tábáàkì mẹ́fà ni wọ́n mú ṣáájú Tom Brady ti Michigan, ipò 199 ni ó sì bọ́ sí. Ife Super Bowl méje ni ó gbà. Ní 2017, Chicago tèmi fi ipò mẹ́ta mìíràn kún tirẹ̀ kí ó lè sún láti ipò kẹta sí ìkejì, kí ó sì lè mú Mitchell Trubisky, ẹni tí ìdíje tí ó bẹ̀rẹ̀ ní North Carolina kò ju 13 lọ. Patrick Mahomes ti Texas Tech ṣì wà nílẹ̀ nígbà náà. Kansas City ni ó mú un ní ipò kẹwàá. Nígbà tí ó fi di oṣù kejì ọdún 2024, ife mẹ́ta ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ìtàn Ifá kan wà tí kì í kúrò lọ́kàn mi bí mo bá ń wo yíyàn yìí. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà, ń lọ yan orí ní ilé Àjàlá, amọ̀kòkò òde ọ̀run. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò bá Àjàlá nílé. Wọ́n mú orí tí ó tóbi, tí ó sì rí bí ẹni pé ó dára. Wọn kò mọ̀ pé kò jinná. Bí wọ́n ti ń bọ̀ wá sáyé ni òjò pa wọ́n, orí náà sì ń yìnrìn díẹ̀díẹ̀. Afùwàpẹ́ pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n Àjàlá fúnra rẹ̀ bá a yàn: ó ń fi ọ̀pá irin lu orí kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan èyí tí ó dún gbọnmọ-gbọnmọ. Òjò pa ti Afùwàpẹ́ náà, orí rẹ̀ kò sì yẹ̀.

Mo ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi ìtàn yìí sọ pé àyànmọ́ kò gbóògùn. Èmi rí ohun mìíràn nínú rẹ̀: iná ni ó ń sọ amọ̀ di ìkòkò. Ọ̀dọ́ ọmọ ọdún 21 tàbí 22 tí àwọn ẹgbẹ́ ń yàn, amọ̀ ni. Yunifásítì ti mọ ọ́n, ṣùgbọ́n kò tíì sun ún. Ilé tí ó bá bá ara rẹ̀ lẹ́yìn yíyàn ni iná tí yóò sun ún.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mẹ́nu ba ojú tí wọ́n fi ń wo orí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1978, Warren Moon darí Yunifásítì Washington dé ìṣẹ́gun nínú ìdíje Rose Bowl. Ní yíyàn ọdún náà, kò sí ẹgbẹ́ tí ó dárúkọ rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń yàn sì gbà nígbà náà pé aláwọ̀ dúdú lè sáré, ṣùgbọ́n pé kò lè ronú fún ẹgbẹ́. Ó kọjá sí Kánádà, ó gba ife márùn-ún léraléra pẹ̀lú Edmonton, kí Houston tó mú un wọ líìgì náà ní 1984. Oṣù kìíní 1988 ni Doug Williams, ọmọ Yunifásítì Grambling, di kúọ́tábáàkì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba Super Bowl. Ní 2018, tí a ti rò pé ọ̀rọ̀ náà ti di ìtàn, kúọ́tábáàkì mẹ́rin ni wọ́n mú ṣáájú Lamar Jackson. Àwọn kan tilẹ̀ ní kí ó fi ipò náà sílẹ̀, kí ó lọ máa sáré gba bọ́ọ̀lù. Ní 2019, òun ni wọ́n dìbò yàn ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ nínú líìgì. Ọ̀pá irin wà lọ́wọ́ àwọn tí ń yàn, ṣùgbọ́n wọ́n ti pinnu èyí tí yóò dún kí wọ́n tó lù ú.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iná. Nígbà tí Mahomes dé Kansas City, wọn kò tì í sójú ogun. Ó jókòó lẹ́yìn Alex Smith fún ọdún kan gbáko, ìdíje kan péré ni ó sì bẹ̀rẹ̀. Sam Darnold, tí New York Jets mú ní ipò kẹta ní 2018, kò rí irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀ tí wọ́n fi gbé e fún ẹlòmíràn. Ní 2024, ọkùnrin kan náà yìí wà ní Minnesota pẹ̀lú akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn àti àwọn agbábọ́ọ̀lù mìíràn, ó sì borí nínú ìdíje 14 nínú 17. Ṣé ó lọ pààrọ̀ orí ni?

Ẹ jẹ́ kí a wá sílé tèmi. Ní 2024, Chicago fi ipò kìíní mú Caleb Williams ti Southern California, ọmọ tí ó gba ẹ̀bùn Heisman ní 2022. Ní ọdún eré náà, ìgbà 68 ni wọ́n wó o mọ́lẹ̀; kò sí kúọ́tábáàkì tí ojú rẹ̀ rí tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Ìdíje márùn-ún péré ni Chicago borí. Àwọn kan ti ń sọ pé orí rẹ̀ ti fọ́. Kí 2025 tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ náà gba akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, ó sì kó ènìyàn mẹ́ta tuntun sí àárín ògiri náà: Joe Thuney, Jonah Jackson àti Drew Dalman. Iye ìgbà tí wọ́n wó ọmọ náà mọ́lẹ̀ kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Ìdíje 11 ni wọ́n borí, wọ́n sì gba ipò kìíní ní ẹ̀ka wọn. Ọmọ kan náà ni. Ògiri ni ó yàtọ̀.

Ìdí nìyí tí ó fi máa ń wú mi lórí pé nídìí ògiri yìí ni mo ti ń rí àwọn ọmọ tiwa. Olúṣẹ́gun Olúwatìmí ni ó ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láti àárín ìlà fún Michigan ní 2022. Ó gba ẹ̀bùn Outland àti ti Rimington lọ́dún náà, síbẹ̀ ìpele karùn-ún ni wọ́n tó yàn án ní 2023. Olúmúyìwá Fáṣànú ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ kúọ́tábáàkì Penn State. Jets mú un ní ipò 11 ní 2024. Kì í ṣe irú wọn ni àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ jókòó sídìí tẹlifíṣàn. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń yẹ́ ọba sí láìbéèrè ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó jẹ́ onímọ̀ ìṣirò máa ń bá mi jiyàn lórí èyí. Ó ní ìkòkò rere, ìkòkò rere ni, ó sì máa ń fi Manning ṣe àpẹẹrẹ: ní 1998, ìdíje mẹ́ta péré nínú 16 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ borí, ìgbà 28 ni àwọn alátakò sì gba bọ́ọ̀lù tí ó jù, síbẹ̀ kò fọ́. Òótọ́ ni, a kò lè sọ pé gbogbo amọ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n kí ni Indianapolis ṣe lẹ́yìn ọdún burúkú náà? Wọn kò lé e, wọn kò sì pààrọ̀ Tom Moore tí ń kọ́ ọ ní ìkọlù. Marvin Harrison wà níbẹ̀ tí ń gba bọ́ọ̀lù rẹ̀, wọ́n sì tún fi Edgerrin James kún un. Ní 1999, ìdíje 13 ni wọ́n borí. Ẹni tí ó bá ka àṣeyọrí yìí sí ti orí nìkan ti fi ẹ̀tọ́ àwọn ẹlòmíràn dù wọ́n.

Ó lé ní ọdún 25 tí mo ti ń kọ́ni ní yunifásítì. Lọ́dọọdún, àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju àwọn ti Amẹ́ríkà wọ̀nyí lọ lọ́jọ́ orí a máa wọlé tọ̀ wá wá, olúkúlùkù pẹ̀lú máàkì tí ó gbà. Ìdánwò àṣewọlé ni Indianapolis tiwa. A máa ń jà lórí ẹni tí ó yẹ kí a gbà àti ẹni tí kò yẹ. Bí ọmọ bá sì kùnà ní ọdún kejì, a ó ní ojú rẹ̀ kò jọ tẹni tí yóò ṣe é. N kì í sábà gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè ibi tí ọmọ náà ń sùn, tàbí iye ènìyàn tí ó wà ní kíláàsì rẹ̀, tàbí bóyá ìwé tí a ní kí ó kà wà ní ilé ìkàwé. Ẹnu tí ń ṣe ṣámúṣámú, oúnjẹ ni ó ń wá.

Nítorí náà, bí oṣù kẹrin bá tún dé, tí àwọn tí a jọ ń tẹ̀lé Chicago bá bi mí ní kúọ́tábáàkì tí ó wù mí jù nínú àwọn ọmọ yunifásítì, ìdáhùn mi kò ní yí padà. N ó ní kí wọ́n gbé ìwé orúkọ ènìyàn 53 wá, kí a kọ́kọ́ wo àwọn márùn-ún tí yóò dúró níwájú rẹ̀, àti ẹni tí yóò kọ́ ọ, àti iye ọdún tí a ṣe tán láti fi mú sùúrù fún un. Lẹ́yìn èyí ni a ó tó máa sọ̀rọ̀ orí.