Ìjàpá Bàbá Mi àti Ọ́ìlì Rẹ̀

Ìjàpá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kì í ṣe ọkọ Yánníbo inú àlọ́. Ọkọ̀ Volkswagen ni, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún 1975. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí róbótó ni Yorùbá wò tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Bàbá mi fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi nínú agbo ilé wa ní Ìkìrun. N kì í sábà wà á. Ní àràárọ̀ Sátidé, n ó ṣáná sí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún, n ó sì pa á. Mo rò pé ìtọ́jú ni mò ń ṣe. Ìwé ìlò rẹ̀ ní kí á máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní gbogbo kílómítà 5,000. N kì í sì í rìn tó 300 lọ́dún. Bí a bá ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò ju ọdún 16 lọ kí ọ́ìlì kan tó tó pààrọ̀!

Ọdún mẹ́ta kọjá. Lọ́jọ́ kan tí mò ń lọ sí Òkukù, iná ọ́ìlì tàn ní Ìníṣà. Mo yà sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì kan. Wọ́n ṣí ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí, wọ́n ní, "Dókítà, ẹ wá wo ẹ̀kọ tí ẹ ń sè síbí." Lóòótọ́, ohun funfun kan bí ẹ̀kọ mímu ló lẹ̀ mọ́ ọn: omi ti dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì.

Bí epo bá ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, oruku omi máa ń jáde, díẹ̀ nínú rẹ̀ a sì bọ́ sínú ọ́ìlì. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná dáadáa, omi náà a gbẹ. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tó. Omi a dúró síbẹ̀, a di kíkan, a sì máa jẹ irin. Ti Ìjàpá tilẹ̀ burú jù: kò ní omi tí ń tù ú lára, atẹ́gùn àti ọ́ìlì ló gbójú lé. Ọ́ìlì ọ̀hún kò ju lítà méjì àbọ̀ lọ, asẹ́ wáyà lásán ló sì ń sẹ́ ẹ. Àṣé ìfẹ́ ni mo fi ń pa ogún bàbá mi! Orí ló yọ mí tí ẹ́ńjìnnì kò kú.

Ẹ ṣàkíyèsí èdè àwọn mẹkáníìkì: epo ni ti inú táǹkì, ọ́ìlì ni ti inú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀rọ̀ àyálò yìí wúlò. Òun ni kò jẹ́ kí á da méjèèjì pọ̀.

Nítorí náà, ọkọ̀ tí kì í jáde, oṣù ni kí ẹ fi ka tirẹ̀, kì í ṣe kílómítà. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rìn. Kí ẹ́ńjìnnì gbóná kí ẹ tó tú u dà, kí ìdọ̀tí lè bá a jáde. Bí ẹ kò bá ní wà á tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má ṣáná sí i rárá.

Ní báyìí, ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, mo ń gbé e láti Ìkìrun, gba Ìníṣà, dé Òkukù, kí n tó padà. Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ní ti Ìjàpá mi, àìrìn jìnnà ló sọ ọ́ìlì di ẹ̀kọ.