Ẹ Wọn Wáyà Sípíkà Yín Kó Tó Gbé Àgbà Ṣubú

Wọ́n ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe nọ́ọ̀sì l'Àpápá, tí mo ń kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí àgbàlagbà má ṣubú nínú ilé, n kò rí ohun tó wà nílẹ̀ ní pálọ̀ tèmi l'Ajégúnlẹ̀.

Lọ́dún 2018 ló ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi lọ sí ọjà Alaba, ó ra ẹ̀rọ orin tó ní sípíkà méjì. Wáyà mítà 5 ló bá sípíkà kọ̀ọ̀kan wá nínú páálí. Sípíkà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, èkejì wà lódìkejì, nítòsí àga ìyá mi. Wáyà kò gùn tó láti gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, làwọn ọmọ bá fà á gba àárín pálọ̀ kọjá, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e. Ṣùgbọ́n níbi tí kápẹ́ẹ̀tì parí sí, lẹ́bàá àga yẹn gan-an, wáyà dìde kúrò nílẹ̀, ó le dandan bí okùn tí a fi ń sá aṣọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń rékọjá rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, tírélà ti dí gbogbo ọ̀nà Àpápá bó ṣe máa ń rí lásìkò náà, n kò lè délé, mo sun ibi iṣẹ́. Iná lọ. Ìyá mi dìde kí wọ́n lọ tọ̀, wáyà kọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Egungun ìbàdí wọn kán. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi láàárọ̀ ni pé, "Ìyá Dèjì, má bínú, n kò rí i ni." Èmi ló yẹ kí n tọrọ àforíjì. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún wọn, ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń rìn títí dòní.

Mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà jù nù. Ìyá mi ló kọ̀: "Orin kọ́ ló gbé mi ṣubú, wáyà ni. Ẹ wá èyí tó gùn tó."

Bí a ṣe ṣe é rèé. Ẹ má fi ojú wọn ọ̀nà tààrà. Okùn ni mo mú, mo fi tẹ̀lé ìsàlẹ̀ ògiri, mo gbé e gba orí ilẹ̀kùn kọjá, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé sípíkà. Ọ̀nà tó jẹ́ mítà 4 tẹ́lẹ̀ di mítà 11. Mo fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún un lórí méjèèjì, kí a lè rí ẹ̀rọ sún nígbà tí a bá ń gbálẹ̀. Mítà 12 la rà.

Bí wáyà bá ti ń gùn ló yẹ kó máa nípọn, torí ó ń jẹ nínú agbára tó ń lọ sí sípíkà. Bí wọ́n bá kọ 8 ohm sẹ́yìn sípíkà, kí wáyà 0.5 má ju mítà 5 lọ, wáyà 1.5 tó fún mítà 12 dáadáa. Bó bá jẹ́ 4 ohm, ẹ pín gígùn yẹn sí méjì. Ẹ ha ẹnu wáyà wò: bàbà a máa pọ́n, bí inú rẹ̀ bá funfun, ó lè jẹ́ áálúmíníọ̀mù, kí ẹ mú èyí tó nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó tà á fún wa ní wáyà sípíkà méjèèjì gbọ́dọ̀ gùn bákan náà. Etí kò lè mọ ìyàtọ̀ mítà díẹ̀. Ẹ fún kálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Èyí tó gùn jù náà léwu. Ọmọdé lè fi wé ọrùn, ó sì lè fà á kí sípíkà já lé e lórí. Ẹ́sítẹ́ńṣọ̀nù iná ní tirẹ̀, ẹ má ká a jọ nígbà tí iná bá wà nínú rẹ̀, ẹ má sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e. Ó ń gbóná, ó lè dá iná sílẹ̀. Ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀ tí omi òjò ń wọlé bá, ẹ gbé e kọ́ sókè.

Nílé wa báyìí, bí iná bá lọ, tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, kò sì sí wáyà kankan nílẹ̀. Kí ẹ tó ṣí ojú ewé mìíràn, ẹ dìde, ẹ wo ilẹ̀ pálọ̀ yín. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.