Iṣẹ́ Òkìtì Kì í Ṣe Àjèjì, Ilé Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ Ni Kò Sí

Àwa tí à ń fi òkìtì, okùn àti idán jẹun nílẹ̀ yìí, ohun kan pa wá pọ̀: agbára káká lẹ fi máa rí ọ̀gá kan nínú wa tí kò kọ́kọ́ fi ilé sílẹ̀. Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà, gba Lọ́ńdọ̀nù lọ ní 1947, ó sì kọ́ ijó òyìnbó níbẹ̀, títí kan èyí tí wọ́n ń fi bàtà lù bí ìlù. Professor Peller, ọmọ Ìsẹ́yìn, gba Íńdíà lọ kọ́ṣẹ́ idán ní 1964. Qudus Onikeku, ọmọ Èkó, lọ gboyè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga sákọ́ọ̀sì ní ìlú Châlons-en-Champagne nílẹ̀ Faransé. Èmi náà kúrò ní Òkìtìpupa. Èkó ni tèmi mọ, n kò dé òkè òkun, ṣùgbọ́n ohun tó lé wọn kúrò nílé ló lé èmi náà: a fẹ́ kọ́ṣẹ́, a kò rí ẹni tó máa kọ́ wa.

Ọmọ Ìkálẹ̀ ni mí. Ilẹ̀ ọ̀pẹ nilẹ̀ wa, epo, ẹmu àti ògógóró la fi ń tọ́mọ. Ẹni tó bá dàgbà láàárín wa kò ní ṣàì mọ àwọn tó ń gun ọ̀pẹ, bàbá tó bí bàbá mi sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Kí bàbá yìí tó gùn, á kọ́kọ́ na igbà rẹ̀, á fọwọ́ tọ́ ọ láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Bó bá ti kan ibi tó ń tú, á gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò níí gùn lọ́jọ́ náà. Bó bá yè kooro, á fi ká ìdí ọ̀pẹ àti ẹ̀yìn ara rẹ̀, á ta á ní kókó, á sì fi gbogbo ara fà á sẹ́yìn nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, kí kókó náà lè fún. Lẹ́yìn náà ni yóò tẹsẹ̀ mọ́ igi, á sún mọ́ ọn díẹ̀ kí igbà lè dẹ̀, á jù ú sókè, á sì tún fara tì í. Bàbá a máa sọ fún wa pé ẹni tí ẹ̀rù bá mú kó dì mọ́ ọ̀pẹ ló ń jábọ́, torí pé igbà á dẹ̀ lẹ́yìn onítọ̀hún. Nígbà tí mo dé Èkó tí wọ́n kọ́ wa ní okùn tí à ń so mọ́ àjà láti máa gùn, ohun tí olùkọ́ kọ́kọ́ sọ kò jìnnà sí ti bàbá: ẹ jẹ́ kí okùn gbé yín, ẹ má gbé okùn.

Ṣùgbọ́n àwa ọmọdé kì í gun ọ̀pẹ ṣeré. Ẹ̀yìn ibi ìlagi la máa ń lọ, níbi tí wọ́n ń da ìyẹ̀ pákó sí. Ibẹ̀ la ti ń sáré, tí à ń fò, tí à ń ta òkìtì síwájú àti sẹ́yìn. Bí ẹni kan bá fi orí balẹ̀, ẹ̀rín la máa rín, torí ilẹ̀ rọ̀. Bí ọdún bá dé tí ìlù bírípo, ijó ìbílẹ̀ wa, bá ń dún, àwa náà á gba ojú agbo lọ, kí àwọn àgbà tó lé wa kúrò kí ijó lè bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà á sí iṣẹ́, eré ọmọdé ni.

Ìgbà tí mo dé Adéyẹmí College of Education ní Oǹdó, ẹ̀kọ́ ìdárayá ni mo yàn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ìwé tó ṣàlàyé ohun tí à ń ṣe lórí ìyẹ̀ pákó. Mo gba NCE mi, mo délé, mo sọ fún bàbá mi pé n kò tíì fẹ́ wá iṣẹ́ olùkọ́, Èkó ni mo ń lọ, mo fẹ́ lọ kọ́ òkìtì.

Bàbá mi wò mí títí. Wọ́n ní, "Ọmọ tí mo fowó epo rán lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ló fẹ́ máa ta òkìtì fún èrò ojú títì?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo fẹ́ kọ́ ọ bí iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ ta ni? Ta lo rí tó fi kọ́lé?"

N kò lésì. Ìyá mi ló bá mi bẹ̀ wọ́n, ìyá náà ló sì di pupurú fún mi lọ́nà. Mo ti wá mọ èsì ìbéèrè Bàbá báyìí: ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi iṣẹ́ yìí kọ́lé ní ilẹ̀ Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ sákọ́ọ̀sì níbí.

Àwọn òyìnbó ka Philip Astley sí bàbá sákọ́ọ̀sì. Sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ní 1768 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré orí ẹṣin han aráàlú ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó rí i pé bí ẹṣin bá ń sáré yípo, ó rọrùn fún ẹni tó dúró lórí rẹ̀ láti má ṣubú, ló bá ṣe agbo roboto. Agbo tó wá di àṣà fún gbogbo sákọ́ọ̀sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 42 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì. Ó mú àwọn tó ń ta òkìtì, àwọn tó ń rìn lórí okùn àti àwọn apanilẹ́rìn-ín mọ́ ọn.

Tiwa ti wà nílẹ̀ kó tó dìgbà náà. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tó jáde ní 1921, pé nígbà tí Àláàfin Abípa fẹ́ kó ìlú padà sí Ọ̀yọ́-Ilé láti Ìgbòho, àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ lọ rán abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá àti irú wọn mìíràn lọ sí ahoro náà, kí wọ́n máa ké bí iwin lóru láti dẹ́rù ba àwọn ìránṣẹ́ ọba. Ọba kò sá. Ó rán ọdẹ, ọdẹ sì mú iwin, wọ́n sì ń pe ọba náà ní Ọba Mọ́rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀, títí dòní. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó fi ìwádìí lórí eré apidán gba oyè ọ̀mọ̀wé, tọpa eré náà lọ sínú ìtàn yìí gan-an: ohun tí wọ́n fi dẹ́rù bani lọ́jọ́sí ló wá di ohun tí wọ́n fi ń dá ọba lára yá láàfin.

Ẹni tó bá rò pé àròsọ ni, kó wo ohun tí Hugh Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, fojú ara rẹ̀ rí. Ní Oṣù Kejì 1826, òun àti Richard Lander wà ní Ọ̀yọ́-Ilé lálejò Àláàfin Májòtú, wọ́n sì ṣeré fún wọn. Ní apá kìíní, àwọn òṣèré wọ inú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n ń ta òkìtì, bẹ́ẹ̀ wọn kò ríran, ẹsẹ̀ wọn kò sì ráàyè nínú àpò. Ní apá kejì, ejò ńlá kan jáde látinú àpò. Ní apá kẹta, òyìnbó funfun kan yọ, ó tín-ín-rín, ó ń fín áṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó sì ń rìn bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ rí. Clapperton fúnra rẹ̀ gbà pé wọ́n sín òun jẹ dáadáa. Tí ènìyàn bá kó òkìtì, ejò àti apanilẹ́rìn-ín jọ sójú agbo kan, kí ló tún kù tó ń jẹ́ sákọ́ọ̀sì?

Ìdílé ọ̀jẹ̀, àwọn eléégún, ló ni iṣẹ́ yẹn. Agbo ilé ni ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ọmọ á bẹ̀rẹ̀ láti kékeré nígbà tí eegun rẹ̀ ṣì rọ̀, á kọ́ iwì, á kọ́ ìlù, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń yí aṣọ padà lójú agbo tí ènìyàn kò fi ní mọ̀. Ẹni tó bá fara pa, agbo ilé ló máa tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà tí kò lè fò mọ́, á di olùkọ́. Ètò tó múná dóko ni, àmọ́ ó ní ògiri yíká: bí wọn kò bá bí ọ síbẹ̀, o kò lè wọlé. Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní egúngún àti ijó tirẹ̀, ṣùgbọ́n a kò sí nínú ìran apidán Ọ̀yọ́.

Ògúndé ló wó ògiri yẹn. Ní 1945 tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ tó dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni ní ìdílé. Ẹni tó bá lè jó, tó lè kọrin, kó wá. Àwọn ẹgbẹ́ tó tẹ̀lé e kó ẹrù sínú mọ́tò, wọ́n ń gbé eré kiri ìlú. Ṣùgbọ́n orin àti ìtàn ló gbawájú lórí ìtàgé Ògúndé, òkìtì kàn ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ni. Nígbà tí fíìmù rẹ̀, Aiyé, jáde ní 1979, àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú sinimá lọ. Nígbà tí fídíò wá dé lẹ́yìn náà, mọ́tò eré kò kiri mọ́. Ògiri ti wó, ṣùgbọ́n ilé tó wà nínú rẹ̀ náà ti ń lọ.

Ohun tí mo bá ní Èkó nìyẹn: àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe pọ̀, ibi tí wọ́n ti lè kọ́ ènìyàn ni kò sí. Bàrígà ni mo fìdí sí. Ibẹ̀ ni Ṣẹ́gun Adéfilá ti dá Crown Troupe of Africa sílẹ̀ ní 1996, àwọn ẹgbẹ́ ijó mìíràn sì pọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ń lo ilé ìwé tó ti ṣíwọ́ àti etí òpópónà. Wọ́n kọ́ mi ní ohun tí mo rò pé mo ti mọ̀. Òkìtì ẹ̀yìn, fún àpẹẹrẹ: mo máa ń da orí sẹ́yìn kíá kí n lè yí. Olùkọ́ ní rárá, kí n kọ́kọ́ fò sókè gangan, kí apá mi lọ sókè, kí ojú mi ṣì wà níwájú, ìgbà tí mo bá dókè tán ni kí n ká orúnkún mọ́ àyà. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà ní ìbàdí mi, ìkejì wà lẹ́yìn itan, títí ó fi dá mi lójú.

Bẹ́ẹ̀ náà la kọ́ títo ènìyàn lé ara wọn. Ẹni tó bá gun ẹ̀yìn ẹni tó ń rá kò gbọdọ̀ tẹ àárín ẹ̀yìn. Orí ìbàdí tàbí èjìká ni ẹsẹ̀ ń gbé, níbi tí eegun apá àti ti itan ti ń gbé ìwọ̀n náà lọ sílẹ̀ tààrà. Ẹni tó bá sì gun itan ẹni tó lóṣòó, ìdí itan ni yóò tẹ̀, kò ní tẹ ẹ̀gbẹ́ orúnkún. Ohun kékeré ni lẹ́nu, òun náà ló ń sọ bóyá ọmọ kan á dàgbà di ẹni tó ń fi ẹ̀yìn gbé nǹkan tàbí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn títí ayé.

Ìdí nìyẹn tí Peller àti Qudus fi lọ jìnnà. Peller lo oṣù 18 ní Íńdíà, ó gba Làìbéríà wálé, ó sì ṣeré ní Federal Palace Hotel l'Ékòó ní 1966. Ẹni tó rí i kí wọ́n tó pa á ní 1997 á jẹ́rìí pé ohun tó kọ́ hàn nínú ìṣọwọ́ṣe rẹ̀. Ibi tí Qudus lọ, ìjọba Faransé ló dá a sílẹ̀ ní 1985, sínú ilé sákọ́ọ̀sì tí wọ́n ti kọ́ láti 1899. Wọ́n ní fóòmù, wọ́n ní àjà tó ga, wọ́n ní dókítà tó mọ iṣan. Nígbà tí Qudus padà sílé, ó dá QDance Center sílẹ̀ l'Ékòó ní 2014, kó má bàa di dandan fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn láti lọ sókè òkun.

Kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ní irú ibi bẹ́ẹ̀. Ní Gínì, tó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bíi tiwa, wọ́n dá Circus Baobab sílẹ̀ ní 1998, àwọn ọmọ Conakry sì ń gba ibẹ̀ lọ ṣeré káàkiri àgbáyé. Ní Cape Town, ilé ẹ̀kọ́ Zip Zap ti ń kọ́ ọmọ olówó àti ọmọ tálákà ní sákọ́ọ̀sì láti 1992.

Níbí, òde ìgbéyàwó, fídíò olórin àti ayẹyẹ ilé iṣẹ́ ló ń bọ́ wa. Wọ́n pè wá sí ayẹyẹ kan rí, wọ́n ní ilẹ̀ máa rọ̀. A débẹ̀, táìlì ni. A ṣeré náà, ọrùn ọwọ́ mi sì yẹ̀. Owó eré ni mo fi tọ́jú ọwọ́, n kò sì gbọ́ ohùn wọn mọ́. Kò sí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kankan tó lè bá mi béèrè, kò sì sí agbo ilé ọ̀jẹ̀ tó máa gbà mí sílé títí ọwọ́ á fi jiná.

Mo máa ń wálé sí Òkìtìpupa báyìí, mo sì ń rí àwọn ọmọ lẹ́yìn ibi ìlagi. Ara wọn yá ju tiwa lọ, torí wọ́n ń rí fídíò lórí fóònù. Fídíò kò sì lè fi ọwọ́ sí ìbàdí ọmọ. Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń darí ilé ìwé ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kò pọ̀: fóòmù tó nípọn díẹ̀, gbọ̀ngàn kan tó ní òrùlé gíga, àti olùkọ́ ìdárayá tí wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ sókè àti bí wọ́n ṣe ń gbà á. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti gba NCE ti di yunifásítì báyìí. Bí wọ́n bá fi òkìtì kún ohun tí àwọn olùkọ́ ń kọ́ níbẹ̀, láàárín ọdún díẹ̀ kò ní sí ìjọba ìbílẹ̀ kan tí kò ní rí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá ní òkìtì lòun fẹ́ kọ́, ẹ má kọ́kọ́ bi í bóyá yóò fi kọ́lé. Ẹ bi í pé: ta ló ń kọ́ ọ? Kí lo ń balẹ̀ lé lórí? Bó o bá ṣubú, ta ni yóò san owó ilé ìwòsàn? Bó bá ní èsì sí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ́ kó lọ. Bí kò bá ní, ẹ bá wa wá èsì náà, kí a lè kọ́ ọ nílé.