Ìbọn Tí Agbára Mi Ká
Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. Ní Texas tí mo ti ń kàwé, ìbọn tó ń ta ọ̀nà jíjìn ni mo fẹ́ rà. Ẹ̀gbọ́n mi ní 6.5 Creedmoor ni, èyí tó jáde ní 2007, pé ọta rẹ̀ ń dé 1,000 yáàdì. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹyọ ọta kan lè ju dọ́là kan lọ! Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, .22 ni màá rà.” Sẹ́ǹtì díẹ̀ ni ọta tiẹ̀. Ní 100 yáàdì, afẹ́fẹ́ ti ń gbé e yà, ibẹ̀ lèèyàn ti ń mọ ọwọ́ afẹ́fẹ́. Owó tó kù, awò gidi tí wọ́n ń gbé sórí ìbọn ni màá fi rà. Á wúlò fún ìbọn ńlá lọ́jọ́ iwájú.

“Ṣé ẹyẹ lo fẹ́ máa pa ni?”

“Rárá, sà. Páálí ni. Owó ilé-ìwé mi ò tíì pé.”